Ìdí Tí Rédíò Fi Pa Ẹnu Mọ́

Ọjọ́ kẹta, oṣù kejì

Rédíò ọmọ mi,

Mo kí ọ o. Mo kí ìyá mi, Màmá Àgbà tí ẹ jọ ń gbé, mo sì kí bàbá rẹ bí ọkọ̀ akẹ́rù rẹ̀ bá ti gbé e wálé lọ́sẹ̀ yìí. Bí kò bá tíì dé, bá mi fi ìkíni tirẹ̀ pa mọ́ dè é. Ara mi le. Ẹ̀yìn ń dùn mí díẹ̀, àmọ́ èmi tí mò ń jókòó ti maṣíìnì láti àárọ̀ títí ilẹ̀ fi ń ṣú, kí ni mo fẹ́ kí ẹ̀yìn mi ṣe?

Aṣọ àwọn nọ́ọ̀sì ni wọ́n kó wá fún wa ní ṣọ́ọ̀bù nílẹ̀ àjèjì níbí lóṣù yìí. Gbogbo wọn ló ní ká bá àwọn dín in kù níbàdí. Kò sí ẹyọ ẹnì kan tó ní ká bá òun tú u sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ mo rí ìbàdí àwọn kan nínú wọn. Mo kàn ń rán ohun tí wọ́n ní kí n rán ni, mo ń fi àyè sílẹ̀ nínú lọ́hùn-ún de ọjọ́ tí wọ́n máa gbé e padà wá.

Mo rí fọ́tò ọjọ́ ìbí rẹ. O ti ga o. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, ejìká rẹ ti fẹ́ẹ́ bá ti ìyá mi dọ́gba. Aṣọ yẹn bá ọ mu, mo sì mọ ọwọ́ tó rán an. Ṣùgbọ́n kí ló dé tí o fún ẹnu pọ̀ báyẹn? Láti ọdún tó kọjá, gbogbo fọ́tò tí mò ń rí gbà ni ètè rẹ lẹ̀ mọ́ra bí ẹni pé ẹnì kan fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́. Ìwọ tí a sọ ní Rédíò torí pé kò sí bọ́tìnnì tí a lè tẹ̀ kí o dákẹ́. Ta ló ṣẹ̀ ọ́? Bó bá jẹ́ èmi ni, sọ fún mi.

Ọ̀rọ̀ ẹnu náà ló gbà mí lọ́kàn lọ́sẹ̀ yìí. Ilé iṣẹ́ wa kó gbogbo wa lọ sọ́dọ̀ dókítà eléyín. Obìnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan ni, ohùn rẹ̀ kò ju ti ọmọdé lọ, àmọ́ láti ìgbà tí mo ti kúrò lábẹ́ ìyá mi, kò tíì sẹ́ni tó bá mi wí tó bẹ́ẹ̀. Ó ní erìgì mi, ìyẹn ẹran tó yí ẹsẹ̀ eyín ká, ń ṣẹ̀jẹ̀ torí pé ojú eyín ni mò ń fọ̀, mi ò fọ ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó bi mí bóyá mo bímọ. Mo ní mo bí obìnrin kan, mo sì sọ ọjọ́ orí rẹ. Ó ní àsìkò yẹn gan-an ni erìgì máa ń tètè wú. Ara ọ̀dọ́ ń yí padà, ó ní ìdọ̀tí kékeré tí kò ní ṣe ọmọ kékeré ní nǹkan kan á mú kí erìgì ọ̀dọ́ pọ́n, á wú, á sì máa ṣẹ̀jẹ̀. Ó ní ẹ̀jẹ̀ yẹn kì í ṣe pé kéèyàn má fọ ibẹ̀ mọ́ o, ńṣe ni ibẹ̀ ń bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n wá fọ òun.

Ìdí nìyẹn tí mo fi kó nǹkan sínú páálí tí mo fi ránṣẹ́ lánàá. Wàá rí búrọ́ṣì méjì tí irun wọn rọ̀, ọṣẹ ìfọyín, àti àpótí funfun róbótó kan tí òwú wà nínú rẹ̀. Fetí sílẹ̀ dáadáa, òwú yẹn kì í ṣe òwú ìránṣọ. Àárín eyín ni wọ́n ń fà á gbà, níbi tí búrọ́ṣì kò lè dé. Mo kọ ọ́ síbí torí pé mo mọ̀ pé ilé télọ̀ ni mò ń fi ránṣẹ́ sí. Aṣọ òtútù aláwọ̀ búlúù tó wà nínú páálí náà ni ti ìyá mi.

Kọ̀wé sí mi, má sì jẹ́ kó pẹ́. Kí o ya fọ́tò mìíràn tí mo ti máa rí eyín.

Èmi ìyá rẹ tí ẹ̀yìn ń dùn.


Ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n, oṣù kejì

Ìyá mi àtàtà,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìrọ́jú. Páálí yín dé lọ́jọ́ Sátidé, àmọ́ a kò tíì rí lẹ́tà kankan. Bàbá mi ló gbé e wálé, ó sì ti tún lọ. Ó ní kí n kí yín, ó ní àwọn táyà tuntun tí wọ́n fi sí ọkọ̀ òun dára ju bàtà òun lọ.

Màmá Àgbà wọ aṣọ òtútù náà lójú ẹsẹ̀, oòrùn sì wà níta. Ṣùgbọ́n ohun tó mú inú rẹ̀ dùn jù ni òwú. Ó ṣí àpótí funfun yẹn, ó fà á, ó fi eyín já a, kò já. Ó tún fà á. Ó ní, "Òwú gidi rèé. Ọmọ mi wà láàárín òwú oríṣiríṣi lọ́hùn-ún, ó sì rántí mi." Omi bọ́ lójú rẹ̀, Ìyá mi, mi ò parọ́. Ó ti fi í rán bọ́tìnnì kóòtù ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ wa, ó ní kóòtù náà á gbó, bọ́tìnnì náà á ṣì wà níbẹ̀.

Ohun kan ló kàn yà wá lẹ́nu. Òwú náà ń ta sánsán bíi súwíìtì míńtì. Èdè tó wà lára àpótí rẹ̀ kò sì yé wa. Màmá Àgbà ní àwọn ará ọ̀hún ti lówó débi pé wọ́n ń fi lọ́fínńdà sí òwú. Nígbà tí a tò lórí ìlà láàárọ̀ ọjọ́ Mọ́ńdè, ọ̀gá dúró síwájú wa, ó ń yí imú kiri, ó ń wo gbogbo wa bóyá ẹnì kan ń jẹ súwíìtì. Mo wolẹ̀ ni.

Ẹ ṣé fún búrọ́ṣì àti ọṣẹ náà. Mo ti tọ́jú wọn.

Wọ́n yàn mí pé kí n ṣáájú nínú ìdíje àríyànjiyàn tí a fẹ́ bá ilé ẹ̀kọ́ tó wà lódìkejì ìlú ṣe. Mo ti ní kí olùkọ́ wá ẹlòmíràn. Ọ̀rọ̀ sísọ ti sú mi. Fọ́tò kan wà nínú lẹ́tà yìí, bí ojú mi ṣe ń rí báyìí nìyẹn, ẹ má bínú.

Ẹ ò tíì dáhùn ohun tí mo béèrè, bóyá ẹ máa wálé fún ọlidé gígùn. Ọdún méjì lẹ ní ẹ máa lò nígbà tí ẹ̀ ń lọ. Ilé ẹ̀kọ́ tí ẹ fi mí sí ti kọ́ mi ní ìṣirò.

Èmi ọmọ yín.


Ọjọ́ kẹrìndínlógún, oṣù kẹta

Rédíò,

Mo kí gbogbo yín. Mo ka ibi tí ọ̀gá yín ti ń yí imú kiri, mo rẹ́rìn-ín débi pé ọ̀gá tèmi pa maṣíìnì rẹ̀, ó wá wò ó bóyá nǹkan ṣe mí. Lẹ́tà tí mo fi ṣàlàyé ti sọnù nìyẹn. Òwú ẹnu ni, òwú ìtọ́jú eyín. Bá mi rọra sọ ọ́ fún ìyá mi, má sọ ọ́ níwájú oníbàárà. Kí ẹ má sì sọ fún ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ yín rárá, bọ́tìnnì rẹ̀ kò ṣẹ ẹnikẹ́ni.

Ṣùgbọ́n nígbà tí mo ka ìparí lẹ́tà rẹ, ẹ̀rín náà tán lẹ́nu mi. Ọ̀rọ̀ sísọ sú ọ? Ìwọ tí o máa ń bá agolo bọ́tìnnì sọ̀rọ̀ ní kékeré, tí o máa ń bá oníbàárà jà pé òun ni kó dákẹ́? Mo wo fọ́tò tuntun yẹn títí. Mo gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tí a yà nígbà tí mò ń bọ̀, tí gbogbo eyín rẹ wà níta. Àwọn ọmọ méjì ni.

Mo mọ ohun tó ṣẹlẹ̀, má jẹ́ ká fi pa mọ́ fún ara wa. O bá mi bínú. Mo ní ọdún méjì, ó ti wọ ẹ̀kẹta. Mo rò pé bí mo bá ń fi nǹkan ránṣẹ́, tí mo sì ń kọ̀wé, yóò tó. Ó dà bíi pé kò tó. Rédíò, ó dùn mí gan-an. Mi ò lè máa rán ìbàdí àwọn nọ́ọ̀sì níbí kí ọmọ tèmi máa gbàgbé ẹ̀rín rínrín nílé.

Àdéhùn tí mo bá wọn ṣe níbí ṣẹ́ ku ọdún kan. Bí mo bá já a, wọn kò ní gbà mí padà mọ́, ibi gbogbo tí wọ́n ti ń rán irú aṣọ yìí á sì gbọ́. Kò kàn mí. Bí o bá ní kí n máa bọ̀, màá kó ẹrù mi. Dá mi lóhùn kíákíá, torí mi ò lè sùn dáadáa.

Ìyá rẹ.


Ọjọ́ kẹrin, oṣù kẹrin

Ìyá mi,

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kó ẹrù kankan. Ẹ ka lẹ́tà yìí dópin kí ẹ tó ṣe ohunkóhun.

Lẹ́tà yín méjèèjì dé lọ́sẹ̀ kan náà. Èyí tí ẹ kọ lóṣù kejì ti kọ́kọ́ lọ kí àwọn ìlú mìíràn, òǹtẹ̀ ló kún ara rẹ̀. Mo kà á sókè fún Màmá Àgbà, ó ń ṣẹ́ ìṣẹ́tí ṣòkòtò lọ́wọ́. Nígbà tí mo dé ibi tí ẹ ti ní òwú yẹn kì í ṣe òwú ìránṣọ, ọwọ́ rẹ̀ dúró.

Ó ní, "Tún un kà."

Mo tún un kà.

Ó wo ṣòkòtò tó wà lórí itan rẹ̀. Ó ní, "Ọ̀gá yín kan náà ló ni èyí. Mo ti fi òwú yẹn rán ìdí ẹ̀."

Ó yí ìdí ṣòkòtò náà wò, ó wá ní, "Kò burú. Ibi tó wà yẹn, ta ló máa gbóòórùn ẹ̀?" Ó sì ń ṣẹ́ ìṣẹ́tí rẹ̀ lọ.

Mo rẹ́rìn-ín, mo sì fi ọwọ́ bo ẹnu, bí mo ti máa ń ṣe. Ó gbá ọwọ́ náà dànù. Ó ní òun ti ń wò mí láti ọjọ́ yìí, kí ni mò ń gbé pa mọ́ sẹ́nu? Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ṣe tú jáde.

Mi ò bá yín bínú. Ẹnu mi ni. Láti bí ọdún kan, bí mo bá ń fọ eyín, itọ́ mi máa ń pọ́n. Mo rò pé búrọ́ṣì ló ń dá egbò sí mi lẹ́nu. Mo wá ń yẹra fún ibi tó ń ṣẹ̀jẹ̀, mo fẹ́ kó sinmi kó san. Kò san. Ó wú, ó ń dán, ó sì ń rùn. Ọmọbìnrin tó jókòó tì mí ní kíláàsì gbé àga rẹ̀ sún, kò sọ nǹkan kan, ó kàn gbé e sún ni. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń ra súwíìtì míńtì, mo ń lá a láti àárọ̀ dalẹ́. Ìdí nìyẹn tí ọ̀gá fi ń wò mí lórí ìlà.

Ẹ ó ní kí ló dé tí mi ò sọ. Ẹ mọ ohun tí Màmá Àgbà máa ń wí bó bá ti yọ eyín ìsàlẹ̀ àtọwọ́dá rẹ̀ síbi agolo bọ́tìnnì. Ó ní eyín ìdílé wa kì í bá èèyàn dàgbà, ti ìyá òun lọ, tòun náà lọ kóun tó pé ogójì ọdún. Mo ti ń gbọ́ ọ láti kékeré. Nígbà tí ẹ̀jẹ̀ dé, mo ní ó ti dé ọ̀dọ̀ mi náà nìyẹn, ó kàn yá ni. Ta ni mo fẹ́ fi sun?

Ẹ̀rù ń bà mí, Ìyá mi. Eyín ìsàlẹ̀ kan níwájú, bí mo bá fi ahọ́n tì í, ó ń mì. Lọ́jọ́ Túsìdeè, èmi àti Màmá Àgbà máa lọ rí dókítà eléyín ní ọsibítù ìjọba. Bí wọ́n bá yọ ọ́, mi ò ní rẹ́rìn-ín mọ́ láyé mi, mo ti sọ.

Rédíò tí bátìrì rẹ̀ ti fẹ́ kú.


Ọjọ́ kẹfà, oṣù kẹrin

Rédíò ọmọ mi,

Mi ò tíì rí èsì rẹ. Lójoojúmọ́ ni mò ń dúró de ẹni tó ń pín lẹ́tà, ó ti wá ń gba òdìkejì ọ̀nà kọjá. Mo ní àìsí lẹ́tà gan-an ni ìdáhùn rẹ. Ẹni tí kò bínú á ti kọ̀wé.

Mo ti bá ọ̀gá mi sọ̀rọ̀ láàárọ̀ yìí. Mo ní mo fẹ́ lọ ní ìparí oṣù. Ó bojú wò mí, ó ní kí n lọ ro ó wò, òun kò tíì gbọ́. Mo ní mo ti rò ó. Aṣọ mi kò pọ̀, wọn á wọ àpò kan.

Kí ìyá mi má bínú sí mi.

Ìyá rẹ.


Ọjọ́ kọkànlélógún, oṣù kẹrin

Ìwọ ọmọ yìí,

Ṣé ara le? Tú aṣọ inú àpò yẹn síta. Mo mọ̀ pé lẹ́tà Rédíò á ti dé ọwọ́ rẹ, ṣùgbọ́n mo mọ̀ ọ́ náà, o lè kà á kí o ṣì máa sunkún. Èmi ni mo fọwọ́ ara mi kọ èyí. Bí lẹ́tà rẹ̀ bá tóbi, ojú mi ni, kì í ṣe ìbínú.

A ti dé ọ̀dọ̀ dókítà. Ọkùnrin alára ńlá ni, ọwọ́ rẹ̀ sì fúyẹ́. Ó wo ẹnu Rédíò, ó ní, "Ṣé télọ̀ ni ọmọ yìí?" Ẹnu yà mí. Ó wá ní kí èmi náà la ẹnu, ó rẹ́rìn-ín. Ó ní eyín iwájú wa ní òkè ti jẹ díẹ̀ lójú kan náà, ó ní ibi tí a fi ń já òwú nìyẹn. Ká sọ tòótọ́, bẹ́ẹ̀ ni. Ìwọ náà lọ wo tìrẹ nínú dígí.

Mo ṣàlàyé fún un pé eyín ìdílé wa ni kì í pẹ́. Ó ní, "Màmá, ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún yín?" Mo ní ìyá mi ni. Ó ní, "Ṣé ìyá yín máa ń fọ ẹsẹ̀ eyín?" Mo ní ta ló ráyè ìyẹn, àárọ̀ la máa ń fọ ẹnu, wẹ́rẹ́ báyìí, ká sáré lọ ṣíṣẹ́. Ó ní, "Ẹ̀yin ńkọ́?" Mo ń tún gèlè mi wé. Ó ní nínú ohun tóun rí lẹ́nu ọmọ yìí, kò sí èyí tí ìdílé gbé wá, ìdọ̀tí ló dì mọ́ ẹsẹ̀ eyín, ó le, ó sì ń bá erìgì jà.

Inú mi bàjẹ́, mi ò ní tan ọ́. Ọ̀rọ̀ tí ìyá mi fi tù mí nínú nígbà tí eyín mi ń lọ ni mo fi ń dẹ́rù ba ọmọ ọmọ mi. Dókítà rí ojú mi, ó ní kí n má rò ó, èyí tó kù lẹ́nu mi pọ̀ tó láti tọ́jú. Ó ti ń fojú sí mi lára láti ìgbà yẹn, mo ní láti padà lọ.

Ó fi irin tín-ínrín ha eyín Rédíò mọ́. Ọmọ náà di ọwọ́ mi mú títí ó fi fẹ́ yọ ọ́. Eyín tó ń mì yẹn, dókítà kò yọ ọ́. Ó ní bí erìgì bá lọ sílẹ̀, eyín lè dúró, bí kò bá lọ sílẹ̀, a ó tún ọ̀rọ̀ sọ. Oṣù tó ń bọ̀ la máa mọ̀.

Mo ti so sísọ́ọ̀sì kékeré mọ́ ọrùn mi, mo so ọ̀kan mọ́ ti Rédíò. Ẹni tó bá fi eyín já òwú nínú ilé yìí ló máa gbá ṣọ́ọ̀bù fún ọ̀sẹ̀ kan. Èmi ni mò ń gbá a lọ́wọ́lọ́wọ́.

Jókòó ti iṣẹ́ rẹ. Ọmọ rẹ kò bá ọ bínú.

Ìyá rẹ ni.


Ọjọ́ karùn-ún, oṣù karùn-ún

Rédíò ọmọ mi, àti ìyá mi tó jókòó tì ọ́,

Mo kí yín tọkàntọkàn. Lẹ́tà Rédíò dé, mo sunkún. Ti ìyá mi dé, mo tún sunkún, ṣùgbọ́n mo ti ń rẹ́rìn-ín mọ́ ọn. Mo padà lọ bá ọ̀gá mi, ó ní òun ti sọ pé òun kò gbọ́, kí n lọ jókòó. Mo lọ wo eyín mi nínú dígí náà. Ó jẹ ní ojú kan náà. Mo ti wá sísọ́ọ̀sì.

Rédíò, ìwọ ọmọ yìí, ọdún kan gbáko tí ẹ̀jẹ̀ ń bọ́ lẹ́nu rẹ, o kò sì sọ fún ẹnì kankan. O ń kọ̀wé sí mi nípa òwú, nípa táyà, nípa ọ̀gá tó ń yí imú. Bí o bá tún ṣe irú rẹ̀, màá wá fà ọ́ létí láti ibí. Ṣé o ń fọ̀ ọ́ bí dókítà ṣe ní kí o fọ̀ ọ́? Súwíìtì yẹn ńkọ́? Eyín yẹn ńkọ́? Mò ń béèrè nípa rẹ̀ bí ẹni pé ó jẹ́ ọmọ tí mo fi sílẹ̀ nílé.

Ọkàn mi ti balẹ̀. Ẹnu ló ń dùn ọ́, ìwọ kò sì bínú sí mi. O kò mọ bí ẹrù tó sọ̀ kalẹ̀ lórí mi ṣe wúwo tó. Nígbà tí ọ̀gá béèrè ẹni tó máa ṣiṣẹ́ gba ọlidé gígùn kọjá, mo na ọwọ́ sókè, torí ohun tó lè gbé mi sáré wálé kò sí mọ́. Tí àdéhùn bá parí lọ́dún tó ń bọ̀, màá dé, a ó sì jọ jókòó.

Kọ̀wé nípa eyín.

Ìyá rẹ.


Ọjọ́ kejì, oṣù kẹfà

Ìyá mi ọ̀wọ́n,

Kó tó di pé mo kí yín, kí n tètè sọ ọ́: eyín náà kò mì mọ́.

Ẹ kú iṣẹ́ o. Dókítà tì í pẹ̀lú ìka, ó tì í pẹ̀lú irin, ó ní, "Èyí ti fìdí múlẹ̀." Màmá Àgbà ní kó tún tì í, kóun rí i. Erìgì mi ti lọ sílẹ̀, ó sì ti ní àwọ̀ tirẹ̀. Bí mo ṣe ń fọ̀ ọ́ ni pé màá dẹ irun búrọ́ṣì sí ẹsẹ̀ eyín, níbi tí eyín ti wọ inú erìgì, màá rọra máa mi ọwọ́, mi ò ní gbo ó bí ẹni ń fọ ìkòkò. Láàárọ̀ àti kí n tó sùn. Mo ní kí n sọ fún yín pé ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ burú. Ẹ̀jẹ̀ náà pọ̀, mo fẹ́ dáwọ́ dúró, Màmá Àgbà dúró sí ẹnu ọ̀nà pẹ̀lú búrọ́ṣì tirẹ̀, ó ní bí mo bá dúró òun náà á dúró. Ó wá dín kù. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, itọ́ mi funfun. Mo pè é wá wò ó.

Súwíìtì ti tán. Dókítà ní òun náà ló ń bọ́ ìdọ̀tí yẹn, èmi ni mo ń fún un lóúnjẹ. Òwú ìtọ́jú eyín, ìyẹn èyí tó ṣẹ́ kù lẹ́yìn ìdí ṣòkòtò ọ̀gá, mo ti mọ̀ ọ́n fà.

Mo padà lọ bá olùkọ́ wa, mo ní mo fẹ́ ṣe àríyànjiyàn náà. Ó ní òun kò tíì wá ẹlòmíràn, òun mọ̀ pé ó kàn ń ṣe mí bákan ni. A sọ̀rọ̀ lórí bóyá ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ máa wọ aṣọ ilé ẹ̀kọ́. Mo ní ó yẹ, mo mú àpẹẹrẹ títí, kò sẹ́ni tó mọ̀ pé ìyá àti ìyá ìyá mi ń jẹun níbẹ̀. A kò borí. Àwọn adájọ́ ní a ṣe dáadáa, ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n lu aago pé àkókò mi ti tán, mi ò gbọ́. Màmá Àgbà gbọ́, ó ní ṣe ló yẹ kóun wá pa mí níbi ògiri bí ẹni ń pa rédíò. Ọmọbìnrin tó gbé àga rẹ̀ sún ti gbé e padà, èmi náà kò sọ nǹkan kan.

Ó wá ku ohun kan. Mo kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, mo ń ya á. Mi ò fẹ́ ya èyí.

Mo sọ fún yín pé mi ò bá yín bínú. Nígbà tí mo kọ ọ́, òótọ́ ni, torí ẹnu ń dùn mí, mi ò ráyè ro nǹkan mìíràn. Ní báyìí tí kò dùn mí mọ́, mo rí i pé inú ń bí mi díẹ̀. Mo rí i nígbà tí mo kà pé ẹ na ọwọ́ sókè. Màmá Àgbà ti bá yín sọ pé mo di ọwọ́ òun mú lọ́dọ̀ dókítà. Ọwọ́ rẹ̀ dára. Ṣùgbọ́n tiyín ni mo fẹ́ dì mú, Ìyá mi, mo sì ń wo ẹnu ọ̀nà bí ẹni pé ẹ lè wọlé. Ẹ kì í ṣe èèyàn burúkú. Mo mọ ìdí tí ẹ fi wà níbẹ̀, mo ń wọ bàtà tí owó rẹ̀ rà lọ sílé ẹ̀kọ́. Ó kàn ń dùn mí ni, mi ò sì fẹ́ máa gbé nǹkan tó ń dùn mí pa mọ́ sẹ́nu mọ́.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ ọwọ́ yẹn kalẹ̀. Ẹ wá lọ́lidé yìí, bó jẹ́ ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ni.

Màmá Àgbà kò mọ̀ pé mo kọ èyí. Ó rò pé mò ń ṣe ìṣirò.

Ọmọ yín, Rédíò.


Ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù kẹfà

Rédíò mi,

Mo ti sọ ọwọ́ mi kalẹ̀. Ọ̀gá fún ojú pọ̀, ó ní kí ni mo wá rò tí mo tún fi yí ọ̀rọ̀ padà. Mo ní ọmọ mi bá mi bínú, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ sí mi. Ó ní ìyẹn ló ń mú mi rẹ́rìn-ín báyìí? Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó yọ̀ǹda oṣù kan fún mi, lẹ́yìn náà màá padà wá parí ohun tó kù.

Ọjọ́ kẹrin oṣù kẹjọ ni màá dé. Sọ fún ìyá mi, sọ fún bàbá rẹ bó bá wọlé. Bí inú bá ṣì ń bí ọ lọ́jọ́ náà, má ṣe pa á mọ́ torí pé mo rin ọ̀nà jíjìn wá. Màá gbé ẹrù mi sílẹ̀, màá jókòó tì ọ́, màá di ọwọ́ rẹ mú, wàá sì sọ gbogbo rẹ̀ fún mi títí yóò fi tán. Mi ò ní lu aago fún ọ.

Ìyá rẹ tó ń bọ̀.